Ìwé Eríálì Mi Dé Makun-Omi

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí mo gbé ìwé mi lé ọkùnrin kan tí mo ń pè ní Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́ ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ ni. Òun ti jáde tipẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

"Àbúrò mi, jẹ́ kí n kàn wò ó di ọ̀la."

Inú mi dùn pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ wo iṣẹ́ mi. Ìdùnnú yẹn gan-an ló ń dùn mí títí di òní.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ ìwé náà. Sátẹ́láìtì kékeré kan wà tí àwọn tó ń fi rédíò sọ̀rọ̀ nítorí ìfẹ́ lásán máa ń lò. Bó bá ti ń kọjá lókè ilé wa ní Òkè-Sopẹ́n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, màá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi pẹ̀lú eríálì lọ́wọ́. Màá kọ ìhà tí mo kọjú rẹ̀ sí, bí mo ṣe gbé orí rẹ̀ sókè tó, àti bí ohùn náà ṣe mọ́ tó, láti òdo dé márùn-ún. Nígbà tó yá, bí ẹ bá ti sọ igun méjèèjì, ti ìhà àti ti òkè, màá sọ bóyá ohùn á mọ́ tàbí á kàn máa hó bí òróró gbígbóná.

Ìyá mi á ní, "Ṣé ẹja lo fẹ́ fi ìwọ̀ yẹn mú lójú ọ̀run?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bọ̀ọ̀dá gbé iṣẹ́ mi síwájú àwọn olùkọ́, ó ní òun lòun ṣe é. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ojú tì mí, àfi bí ẹni pé èmi ni mo jalè. Ìgbà tí mo délé ni ìbínú tó dé, kò sì tíì lọ.

Àmọ́ ohun kan wà tí òun kò mọ̀, tí èmi pàápàá kò tètè mọ̀. Irin ni wọ́n gbé táǹkì wa lé. Irin yẹn ti ń fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tí mo fi ń mọ ìhà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Torí pé ojú kan náà ni mo ń dúró sí, ìwé náà ń sọ òtítọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé e lọ síbòmíràn, ibi tí kò sí nǹkan kan ni yóò máa kọjú eríálì sí. Ọjọ́ tí mo rí i, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá ní òun fẹ́ lọ fi bí ìwé náà ṣe ń ṣiṣẹ́ han àwọn ọmọ iléèwé kan ní Makun-Omi, mo bá a wọ ọkọ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

"Márùn-ún nínú márùn-ún ni ohùn yìí máa jẹ́!" ó kígbe, ó yí eríálì síbi tí ìwé wí. Rédíò ń hó ṣáá.

"Ọ̀gá, ẹ pè é lórúkọ, bóyá á dáhùn!" ni ọmọ kan sọ. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Bọ̀ọ̀dá ti ń làágùn. Ó tẹ̀ sí mi létí. "Àbúrò, kí ló ṣe ìwé ẹ yìí?"

"Ìwé yín ni, sà."

Bí mo bá kàn ti ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀ sápá òsì, ohùn ì bá wọlé. Mo ká ọwọ́ mi gbera títí sátẹ́láìtì fi wọ̀. Ó dùn mọ́ mi. Mi ò ní parọ́.

Àmọ́ ọmọbìnrin kan wà níwájú tó ti ṣí ìwé sílẹ̀ láti kọ ohun tí ohùn náà bá sọ. Òfìfo ni ojú ìwé rẹ̀ nígbà tó pa á dé.

Bọ̀ọ̀dá ń padà lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ń pè mí lórí fóònù lójoojúmọ́. Ó ní bí mo bá sọ àṣírí ìwé náà fún òun, òun á sọ níwájú àwọn olùkọ́ pé èmi ni mo ṣe é. Mo ṣì fẹ́ kó tẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo sì fẹ́ kí ọmọ yẹn gbọ́ ohùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ṣé kí n gbé ìpè rẹ̀ kí n sọ àṣírí náà, àbí kí n jẹ́ kí rédíò máa hó?