Ṣọ́ọ̀kì Áńtí Fọlákẹ́ àti Irin Tó Já Bọ́ ní Wáàfù

Òórùn méjì ló máa ń bá ara wọn jà ní àgbàlá wa ní Agége. Ti búrẹ́dì gbígbóná ń bọ̀ láti bẹ́kìrì màmá mi lápá ọ̀tún, ti kẹrosíìnì ń bọ̀ láti abẹ́ páànù lápá òsì, níbi tí bàbá mi ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Bí atẹ́gùn bá wá fẹ́ láti Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, òórùn kẹta á wọlé, àwọn méjì tó ń jà á sì panu mọ́. Màmá mi fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí àárín àgbàlá. Wọ́n ní, "Bàbá Sìkírá, ọwọ́ kẹrosíìnì yín ò gbọdọ̀ kọjá ibí o. Àwọn oníbàárà mi ò ra búrẹ́dì àtùpà." Èmi ni Sìkírá. Èmi nìkan ni mo láṣẹ láti máa kọjá síwá sẹ́yìn, tí mo bá ti fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá mi gbà pé gbogbo irin ló ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbé irin tòkunbọ̀ wá, wọn á gbé e kalẹ̀ sórí iyanrìn, wọn á fi òòlù kékeré gbá a, wọn á dijú. "Ó dùn," tàbí "Kò dùn." Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. "Ẹ máa gbọ́ ohun tí irin ń wí" ni wọ́n máa ń sọ fún gbogbo èèyàn, títí kan lèmọ́ọ̀mù. Ohun tí kò sẹ́ni tó láyà láti sọ fún wọn ni pé ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti fi dúró ti ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ti jẹ etí wọn tán. Bí wọ́n bá tan rédíò láàárọ̀, àwọn ará òpópónà kejì ò nílò láti tan tiwọn. Mo sì ti wá mọ̀ lónìí pé irin tí a bá fẹ́ fi etí yẹ̀ wò, okùn la fi ń so ó rọ̀, kó má fara kan ohunkóhun. Èyí tó bá jókòó sórí iyanrìn, ohùn iyanrìn ló máa mú jáde.

Èmi ní tèmi, ìwé ni mo gbà gbọ́. Mo rí ìwé kan nínú àpótí irin tí wọ́n kó dé láti òkè òkun. Wọ́n ti fa ojú ewé rẹ̀ ya, wọ́n fi di àlàfo inú àpótí. Ewé mọ́kànlá péré ló kù níbẹ̀, òróró sì ti jẹ mẹ́rin nínú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ìwé atúmọ̀ èdè kan kí ojú ewé kan ṣoṣo tó yé mi. Ohun tó wí nìyí: fọ irin náà mọ́ tónítóní, pa kẹrosíìnì sí i lára, fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí o nù ún gbẹ, kí o wá bu ìyẹ̀fun funfun lé e. Bí irin náà bá ti sán níbi tí ojú ò tó, kẹrosíìnì tó ti sá wọnú ibẹ̀ á máa yọ padà, á sì fa ìlà dúdú sórí funfun.

Ìyẹ̀fun funfun! Bẹ́kìrì kún fún un. Mo bu kọ́ọ̀bù kan nínú ti màmá mi, ó di ẹ̀kọ lára irin, èèrà dé, màmá mi náà dé. Ìyẹn ló jẹ́ kí n bọ́ sórí ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé. Mo máa ń mú méjì lójúmọ́, màá lọ̀ ọ́ kúnná, màá dà á sínú agolo mílíìkì. Kò sí irin tí mi ò yẹ̀ wò ládùúgbò. Mo rí ìlà lára ìkòkò irin ìyá onílé, mo sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má gbé e kaná mọ́. Etí ni wọ́n fi fà mí dé ọ̀dọ̀ màmá mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, fáíwíìlì ẹ́ńjìnnì bẹ́kìrì bàjẹ́, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin ràbàtà tó máa ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè máa lọ déédéé. Láìsí i, ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ò lè ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni bẹ́kìrì fi dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, Bọ̀dá Wásíù, ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù ní wáàfù, gbé òmíràn dé. Àpótí rẹ̀ ti fọ́ lápá kan. Wọn ò fi pamọ́ rárá pé ó já bọ́ láti orí ọkọ̀ tó ń gbẹ́rù ní wáàfù, láti ibi tó ga tó èèyàn kan.

Màmá mi ní, "Wásíù, ṣé kò ní nǹkan?"

"Ìyá Sìkírá, ẹ fọkàn balẹ̀. Irin ni, kì í ṣe ẹyin!"

Bàbá mi gbé e sórí iyanrìn, wọ́n gbá a, wọ́n dijú. "Ó dùn." Wọ́n ní àwọn á so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ Sátidé.

Mi ò lè jẹun alẹ́. Fáíwíìlì yẹn, kí èèyàn tó pe "àlùbáríkà" tán, ó ti yí bí ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá fọ́ nígbà tó ń yí, ìdajì irin yẹn á gbéra bí òkò. Ibi tí màmá mi sì máa ń dúró láti fi ìyẹ̀fun bọ ẹ̀rọ kò jìn sí i ju gígùn apá kan lọ. Mo fẹ́ bu ṣọ́ọ̀kì lé e, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni Áńtí Fọlákẹ́, tíṣà wa, tú àpò mi, wọ́n sì gba agolo mílíìkì mi.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gírísì kúrò lára rẹ̀, mo pa kẹrosíìnì sí i, mo nù ún gbẹ. Nígbà tí bàbá mi àti Bọ̀dá Wásíù jáde láti gbé e, mo jókòó lé e.

"Sìkírá, dìde."

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ó lè ti sán."

"Mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀!"

Bọ̀dá Wásíù rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ẹnjiníà! Ọ̀gá ẹ̀rọ tí ò tíì pààrọ̀ eyín tán!" Bàbá mi nawọ́ láti gbé mi kúrò. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ ihò àárín irin náà. Bí a ṣe wà nìyẹn tí Áńtí Fọlákẹ́ fi wọlé, agolo mílíìkì mi wà lọ́wọ́ wọn bí ẹ̀rí ní kóòtù.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ yìí ń fi ṣọ́ọ̀kì ìjọba ṣe? Ṣé ó ń jẹ ẹ́ ni?"

Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, mo ti fò dìde, mo gba agolo, mo dà á sórí irin náà pátápátá. Ìkùukùu funfun bò wá. Bọ̀dá Wásíù sín. Bàbá mi ti ń tú bẹ́líìtì.

Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Mo wo irin, mo wo bẹ́líìtì. Lẹ́yìn náà, láti igun ihò àárín, ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó dúdú, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó yà sọ́tùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí irin. Áńtí Fọlákẹ́ ní, "Ah! Ó ń kọ̀wé!"

"Ìlà lásán ni," Bọ̀dá Wásíù wí. "Kí wẹ́dà jó o pọ̀, ká kùn ún lọ́dà."

Bàbá mi lọ gbé òòlù ńlá. Wọ́n gbá irin náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ó là sí méjì gbàgà. Ìyẹn, bàbá mi gbọ́.

Màmá mi ti kọjá ìlà funfun láìmọ̀. Wọ́n wo irin náà, wọ́n bojú wẹ̀yìn wo ibi tí wọ́n máa ń dúró nínú bẹ́kìrì, wọ́n sì tún wo irin náà. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn kéré.

"Wásíù, ẹyin ni."

Ìyà ò ṣàìjẹ mí o. Áńtí Fọlákẹ́ ní kí n máa nu pátákó kíláàsì fún odindi táàmù. Wọn ò mọ̀ pé gbogbo ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì tó ń já bọ́ níbẹ̀, inú àpò mi ló ń lọ. Bàbá mi ní tiwọn ń rin gbogbo Agége dé Ifákò, wọ́n ń sọ bí àwọn ṣe gbọ́ ohùn irin tó sán. Mi ò já wọn nírọ́ rí.

Mo ti lé lógójì ọdún báyìí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìlúpéjú tí mo ti ń yẹ irin ẹ́ńjìnnì wò. Mo ní ọ̀dà pupa tí wọ́n ń fín, mo ní mágínẹ́ẹ̀tì, mo ní iná aláwọ̀ àlùkò. Ohun tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ ní mọ́ ni àyà. Lóṣù tó kọjá, àgbà Àlàájì kan gbé ọ̀pá ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ wá; àpótí rẹ̀ ti fọ́ láti orí omi. Mo rí ìlà lọ́rùn ọ̀pá náà. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù tí mò ń pa á rẹ́, kó má dà bíi pé mo rí àgbàlagbà fín. Nígbà tí Àlàájì dé, mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tútù tí mo lè fi sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. "Ọmọ mi, irin ni, kì í ṣe ẹyin." Wọ́n ní kí awakọ̀ wọn gbé e sọ́kọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ò mọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí mo mọ̀, kò sì wá ọ̀rọ̀ tútù kankan. Mo kó ìró mi jọ, mo fa àpótí náà sún mọ́ra, mo jókòó lé e.

Àlàájì wò mí títí. "Dúró ná. Ṣé kì í ṣe ìwọ lọmọ Ráfíù ará Agége, tó máa ń gbọ́ ohùn irin?"

Mo ní èmi ni. Mi ò dìde.