Bí Mo Ṣe Mú Kòṣubú Lọ sí Èkó

Wọn kò tíì pe ìrun àsùbáà nígbà tí mo mú àbúrò mi Làmídì jáde ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà, n'Ìbàdàn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan àkókò yẹn. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i bó ti ń rìn tàgétàgé, nítorí àwọn àgbà mọ́sáláṣí ti lé e kúrò ní ìlà ìrun. Wọ́n ní ó ń mutí. Làmídì tí kò fi ẹmu kan ètè rí!

Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ẹ̀ṣẹ́ ló ń kàn jẹun. Kòṣubú ni gbogbo Ọjà'ba ń pè é, nítorí bó ti wù kí wọ́n lù ú tó, kì í balẹ̀. Àlàájì kan ní Pópó Yemọja ló ń ṣètò ìjà fún un, tó ń jókòó níwájú, tó ń kígbe pé kó má ṣubú. Àlàájì yìí kan náà ló kọ́kọ́ sọ ní mọ́sáláṣí pé ọtí ni. Lẹ́yìn ìrìn àjò yìí ló kú. N kò tíì dárí jì í.

Ṣílè márùn-ún ni owó bọ̀lẹ̀kájà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Dẹ́rẹ́bà gbọ́ bí ahọ́n Làmídì ti wúwo, ó sì na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá, n kì í gbé ọ̀mùtí. Yóò bì sára èrò."

"Ẹ gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀."

Ó rò pé mo ń ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn. Orógbó nìkan ló bá níbẹ̀. Ó ní kó wá jókòó ti òun níwájú. Ẹni tí kò mọ̀ wá rí ṣe ohun tí àgbà mọ́sáláṣí kan kò ṣe.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde a jẹ ìkókoré, ìyẹn ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n fi epo àti ẹja sè. Ọwọ́ Làmídì ń gbọ̀n, ṣíbí kò dé ẹnu. Mo ń fún un jẹ, mo sì ń wo gbogbo ẹni tó ń wò wá títí wọ́n fi yíjú.

Ilé Sùfíánù la dé sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kó lè mú wa lọ bá dókítà. Akànṣẹ́ lòun náà. Làmídì ti nà án rí ní Ìbàdàn. Lọ́dọ̀ wa, akànṣẹ́ tó bá ti fẹ̀yìn tì, ó ti di ìtàn. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ilé Sùfíánù ni àwọn tiwọn ti ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ojú ń ṣú àti ẹni tí orí ń fọ́, wọ́n á jọ kó ara wọn lọ bá dókítà, wọ́n á sì máa kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́.

Sùfíánù wo àbúrò mi títí. "Làmídì, o nà mí, mo ṣubú, wọ́n gbé mi lọ sílé. Ìwọ tí o kì í ṣubú, wọ́n ń lù ọ́ títí aago fi dún."

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ní kí Làmídì dijú kó dúró. Ó ṣubú. Dókítà wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀ṣẹ́ tó ti gbà sórí ló ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, kì í ṣe ọtí.

Ọjọ́ Jímọ̀ la padà dé. N kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí mo ti ka ìwé náà ní Yorùbá lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Àwọn àgbà ní kó padà sí ìlà. Àlàájì ní kí a gbàgbé ohun tó ti kọjá, ó sì ní kí Làmídì wá jókòó níwájú níbi ìjà ọjọ́ kejì ní Màpó. Mo fẹ́ kọ̀. Làmídì ní òun á lọ.

Níbẹ̀, ọ̀dọ́ akànṣẹ́ kan ń gba ẹ̀ṣẹ́ sórí, orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀. Àlàájì bẹ̀rẹ̀ igbe rẹ̀ àtijọ́. Làmídì dìde, ó di okùn tó yí ibi ìjà ká mú.

"Ṣubú, ọmọ mi. Èmi kò ṣubú. Wò mí."

Ọ̀dọ́ náà wò ó, ó sì kúnlẹ̀. Èrò hó lé wa lórí. Mo hó padà.

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò pọ̀: n kò ní fi òkùnkùn bo ẹni mi mọ́. Ọ̀sán gangan la gba àárín títì láti Màpó dé Bẹyẹrúnkà, ó ń rìn tàgétàgé, mo dì í mú, n kò sì ní kó yára.