Ẹni Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Fún

Òórùn káfúrà ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin náà mọ káfúrà: nílé wa, inú àpótí aṣọ ló máa ń wà, tàbí lára òkú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo bọ́ bàtà mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì àwọn Híńdù kan lẹ́bàá Chicago, tí èéfín káfúrà tí wọ́n ń sun lórí àwo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ mí nímú, ohun tí ọkàn mi sọ fún mi ni pé òkú wà nínú ilé yìí. Ẹ̀rù ti bà mí kí n tó rí ohunkóhun. Ẹni tí ẹ̀rù bá sì bà, ohun tí wọ́n kọ́ ara rẹ̀ láti kékeré ni ara náà máa ń ṣe, kò ní dúró gba àṣẹ. Mo rí obìnrin àgbàlagbà kan níwájú mi, mo nà gbalaja, mo dọ̀bálẹ̀. Èmi Mùsùlùmí ọmọ Mùsùlùmí, níwájú òrìṣà. Ìwà òmùgọ̀ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀.

Ọ̀gá mi àtijọ́ ló gbé mi débẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bolingbrook la ti pàdé, ní ìgbà òtútù mi àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí mo máa ń wọ ṣòkòtò méjì lé ara wọn tí n ó sì tún máa gbọ̀n. Àwọn ló fún mi ní ìbọ̀wọ́, àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń wa fọ́klífìtì, ọkọ̀ kékeré tí a fi ń gbé ẹrù. Gẹ̀ẹ́sì tiwọn, ti ará Íńdíà, àti tèmi kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kí ara wọn. Ìyàwó wọn kò gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀ kó má fi tèmi sí i. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú ata tó jẹ́ pé èmi ọmọ Yorùbá gan-an máa ń wá omi. Nígbà tí obìnrin náà dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò dìde mọ́, ọ̀gá mi ti fẹ̀yìn tì, ojú wọn ti di bàìbàì, wọn kò lè wakọ̀ mọ́. Ọmọ méjì tí wọ́n bí wà ní California. Fóònù ni wọ́n fi ń tọ́jú bàbá wọn.

Ẹ̀jẹ́ ìyàwó yìí ni gbogbo ìrìn àjò náà. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n wá ọmọ títí, wọn kò rí. Inú yàrá ẹnì kan ni àwọn ará wọn ti ń sìn ní Chicago nígbà náà, wọn kò tíì ní tẹ́ńpìlì gidi. Àwọn ẹni àkọ́kọ́ tó kọ́ tẹ́ńpìlì sí apá ibí yìí kọ́ ọ sí orí òkè kan ní Pennsylvania, òmíràn sì wà lójú ọ̀nà, ní Ohio. Mọ́tò ògbólógbòó kan ni tọkọtaya yìí máa ń wà lọ tọrọ ọmọ níbẹ̀. Ọmọ dé. Iṣẹ́ dé, bílù dé, wọn kò padà lọ dúpẹ́. Orí ibùsùn ọsibítù ni ìyàwó ti wá sọ pé bí òun bá dìde, òun yóò dé gbogbo ibi àtijọ́ wọ̀nyẹn, òun yóò sì parí rẹ̀ sórí òkè. Lẹ́yìn tí wọ́n sun òkú rẹ̀, ọ̀gá mi, tí wọ́n máa ń pè mí ní Bọ̀ọ̀dá bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jù mí lọ, pè mí lórí fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀jẹ́ ìyàwó mi ti bọ́ sí mi lọ́rùn. Ṣé o lè wakọ̀ gbé mi lọ?"

Mo ní kí ló dé tí n kò ní lè ṣe é. Nínú ọkàn mi, mo rò pé inú mọ́tò ni n ó máa jókòó sí, bí dírẹ́fà gidi. Súwẹ́tà ìyàwó náà, aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tó máa ń wọ̀ lé sárì rẹ̀, aṣọ ìwéra àwọn obìnrin Íńdíà, lórí nítorí òtútù, ni ọ̀gá mi gbé dání bí ẹni gbé ọmọ.

Wọ́n ní kí á kọ́kọ́ yà ní tẹ́ńpìlì tó wà nítòsí, kí ẹ̀gbọ́n olóògbé lè súre fún wa. Ìyá àgbà náà ń dúró dè wá nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ sí mi létí: "Àwọn ló tọ́ ìyàwó mi dàgbà." Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó tọ́ olóògbé dàgbà, ṣé wọ́n máa ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni? N kò mọ̀ pé aṣọ ìkélé kan wà lẹ́yìn wọn. Bí àyà mi ṣe kan òkúta tútù báyìí ni agogo dún, tí wọ́n fa aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbé orí sókè, òrìṣà dúdú kan pẹ̀lú ojú wúrà ń wò mí láti òkè èjìká ìyá. Lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àwọn ọkùnrin ti nà sílẹ̀ gbalaja, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́, àyà nílẹ̀, imú nílẹ̀. Mo ní, ta ló kọ́ àwọn èèyàn yìí ní ìkíni wa? Kí n tó dìde, àlùfáà wọn ti fi nǹkan pupa tẹ̀ mí níwájú orí.

Ilé ìwẹ̀ ni mo sá lọ. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ń ṣe àsitàgafúrù, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì mí, pupa náà kò lọ. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Evanston, ti pè mí lórí fídíò.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, kí ló wà níwájú orí yín yẹn?"

"Ata ni."

"Ata? Níwájú orí? Àwọn obìnrin Íńdíà tó wà nílé ọkọ ni mo máa ń rí tó ń fi í síwájú orí níbi iṣẹ́ wa. Ta ló fẹ́ yín?"

Ọ̀gá mi ti wọlé sẹ́yìn mi. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́nu wọn látìgbà tí ìyàwó ti kú nìyẹn. Àárín ẹ̀rín náà ló ti di ẹkún. N kò mọ ìgbà tí ọ̀kan parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a dé ti Ohio, mo ní n kò sọ̀kalẹ̀. Òjò ń rọ̀. Ọ̀gá mi lọ láwọn nìkan, súwẹ́tà lábẹ́ kóòtù kó má baà tutù. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi padà. Wọ́n jókòó, wọn kò de bẹ́líìtì, wọ́n ń wo gíláàsì iwájú.

"Wọ́n fẹ́ bu oúnjẹ fún mi," ni wọ́n wí. "Wọ́n bi mí pé èèyàn mélòó. Mo ní méjì. Mo wá yíjú wá ìyàwó mi lẹ́yìn."

Mo tan mọ́tò.

Kùrukùru bo òkè Pennsylvania nígbà tí a débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Tẹ́ńpìlì náà funfun, ó jókòó lókè bí ẹyẹ lékeléke, àtẹ̀gùn òkúta ló sì lọ bá a. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n wo orúnkún ara wọn, wọ́n wá wò mí.

"Dúró sínú mọ́tò. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́."

"Kì í ṣe ẹ̀rù. Ẹ̀sìn ni."

"Ẹ̀sìn wo ló ń di sítíárì mú báyìí nínú mọ́tò tó ti dúró?"

Mo tú ọwọ́ mi kúrò lórí sítíárì. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gòkè. Wọ́n gùn díẹ̀, wọ́n sinmi. Nígbà tó yá wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, súwẹ́tà lórí itan, àwọn èèyàn ń ya wọ́n kọjá. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá padà láti ibẹ̀, wọn kò tún ní débẹ̀ mọ́ láyé, ẹ̀jẹ́ obìnrin yẹn yóò sì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, Ọlọ́run, O kúkú ń wo bàbá yìí. Mo sọ̀kalẹ̀, n kò tilẹ̀ rántí ti ilẹ̀kùn mọ́tò.

Mo fà wọ́n lápá dókè. Lẹ́nu ọ̀nà, wàhálà mìíràn dé: ẹsẹ̀ wo ni n ó fi wọlé? Ọ̀tún la fi ń wọ mọ́ṣáláṣí, òsì la fi ń wọ ilé ìgbẹ́, wọn kò kọ́ wa ní èyí tí a fi ń wọ irú ibí yìí. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo pa pọ̀, mo fò wọlé bí ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀gá mi ní, "Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?"

Wọ́n tẹ́ súwẹ́tà náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ní apá òsì, níbi tí ìyàwó máa ń dúró sí. Wọ́n fẹ́ wólẹ̀, orúnkún kọ̀. Mo dì wọ́n ní ìbàdí mú, mo ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, a kì í wà ní òòró sọ èèyàn kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ sílẹ̀ ni èmi náà ń lọ, títí orí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan súwẹ́tà yẹn. Òórùn káfúrà ló wà lára rẹ̀, èyí tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ti fi sínú àpótí kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún ẹni tó ń fi oúnjẹ tèmi sí ti ọkọ rẹ̀. Ọ̀gá mi ń sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bá ará ilé sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n na ọwọ́ sí mi: "Ó ti parí, Bọ̀ọ̀dá. Gbé mi dìde."

A padà sílé. Ọkàn mi ni kò padà sí àyè rẹ̀. Mo lọ bá àfáà ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéú ní Olympia Fields, mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ní ìbéèrè. Ó ní ìdọ̀bálẹ̀ fún èèyàn gan-an kò bójú mu, áńbọ̀sì èyí tó ṣẹlẹ̀ níwájú òrìṣà. Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi tètè ronú pìwà dà. Mo ní n ó jíṣẹ́ fún un. Oṣù mélòó kan ni mo fi bá ọ̀rẹ́ mi ronú pìwà dà. Tí mo bá sì ti rántí bàbá mi, tó lè gbá èèyàn létí nítorí pé ó kí àgbà ní ìnàró, ọ̀rọ̀ náà á tún dojú rú.

Yìnyín ti ń bọ́ nígbà tí ọ̀gá mi kú. Níbi tí a ti lọ kí wọn pé ó dìgbóṣe, káfúrà ń jó lórí àwo kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Lọ́jọ́ yẹn, imú mi kò purọ́. Ìyá àgbà jókòó síwájú, aṣọ funfun lọ́rùn, wọ́n ti sin àbúrò, wọ́n tún ń sin ọkọ àbúrò. Mo rìn sún mọ́ wọn. Ara mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, orúnkún ti ń tẹ̀. Mo rántí àfáà, mo dá a dúró láàárín méjì. Mo tẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, mo wá na ọwọ́ kí n bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Wọ́n wo ọwọ́ náà, wọn kò gbà á.

"Ìkíni mi dà?"

"Ìyá, ẹ má bínú. Níjọ́sí yẹn, mi ò mọ̀ pé òrìṣà yín wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí látìgbà yẹn, pé bóyá òun ni mo dọ̀bálẹ̀ fún."

Wọ́n wo pósí, wọ́n wo èmi tí mo ṣì tẹ̀ níbẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé bàbá mi," ni wọ́n wí, "ìwọ nìkan lo ti kí mi bẹ́ẹ̀. Ibi ẹsẹ̀ mi ni ojú rẹ wà. Òrìṣà wà lẹ́yìn mi, ẹ̀yìn orí mi ló ń wò. Òun gan-an mọ̀ pé èmi lo kí."