Àkẹtẹ̀ Tó Dínà Mọ́ Ọwọ́ Màámi

Mo kórìíra léèsì. Mi ò sọ pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀ o, mo ní mo kórìíra rẹ̀. Tí mo bá wọ ilé ènìyàn tí mo rí i tí wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn àga, tí wọ́n fi bo tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n fi tẹ́ abẹ́ ìgò òdòdó tí kò lómi nínú, inú á ti bí mi kí n tó kí onílé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ra ọ̀kan wá fún mi nígbà kan, pé kí n máa fi bo rédíò. Mo fi nu ilẹ̀ ilé ìdáná.

Obìnrin kan ní Yábàá ló kọ́ mi ní ìkórìíra yẹn, lẹ́yìn ogun, nígbà tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú. Díẹ̀ ló kù kó di ìyá ọkọ mi.

Mo ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìdí-Àràbà nígbà náà. Ọmọ Pápá Àjàó ni mí. Bàbá mi ti kú. Màámi, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé níwájú yàrá kan ṣoṣo tí à ń gbé. Orí màṣíìnì yẹn ni mo ti jẹun, orí rẹ̀ náà ni mo ti kàwé. Ọmọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ jẹ́ tíṣà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, oníwà pẹ̀lẹ́. Ohun tí mo pè é nígbà náà nìyẹn. Mo ti wá mọ̀ pé ojo ni. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Tó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù báyìí, mo máa ń gbàgbé bí ara aláìsàn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wò ṣe gbóná tó. Ó ní nǹkan kan ṣoṣo ló kù, kí ìyá òun gbà mí.

Ìyá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá iléèwé. Opó ni. Nígbà tí gbogbo ọ̀dọ́ ìlú ń dá irun sí bí igbó, tí wọ́n ń wọ ṣòkòtò tó ń gbálẹ̀, òun ń gbé ní ayé ọbabìnrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti kú kí wọ́n tó bí màámi. Ó gbé àwòrán obìnrin náà kọ́ sí pálọ̀ nínú férémù tó rí bí ẹyin. Ó ní látìgbà tí ọbabìnrin yẹn ti kú ni ìfẹ́ gidi ti parí láyé, àti pé òun á jí i dìde nílé òun.

Pálọ̀ yẹn! Kọ́tìnnì àrán pupa dúdú ló wà lójú fèrèsé, wọn kì í ṣí i nítorí pé oòrùn á mú kí kápẹ́ẹ̀tì ṣá. Tí wọ́n bá mú iná lọ, inú ibẹ̀ á máa gbóná bí ilé ẹran yíyan. Gbogbo àga ló wọ léèsì ju ẹni tó jókòó sórí wọn lọ. Òdòdó gbígbẹ wà nínú abọ́, òdòdó bébà wà nínú ìgò, òdòdó wà lára ife. Dùùrù ńlá kan wà ní igun ilé tí ọmọ́ńlé ti yé ẹyin sínú rẹ̀, kò sì ju eyín mẹ́sàn-án lọ tó ń dún nínú gbogbo eyín rẹ̀. Àlejò tó bá wọlé, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Ó ní àwa méjèèjì kò gbọ́dọ̀ máa fẹ́ra bí àwọn ọmọ ìta. Lẹ́tà la ó máa kọ síra wa. Ibi tí mò ń gbé sí ilé wọn kò ju ká wọ bọ́ọ̀sì kan ká sọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà á jókòó nínú yàrá rẹ̀, á kọ lẹ́tà, á da lọ́fínńdà sí i, á ki òdòdó gbígbẹ sí i nínú, á fi ránṣẹ́. Lẹ́tà mẹ́fà ni mo gbà. Gbogbo wọn ló ń mú mi sín.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ ìgbafẹ́. A ó wọ aṣọ tí ìyá rẹ̀ yàn, tèmi á bò mí láti ọrùn dé kókósẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun àti agboòrùn oníléèsì. Àǹtí rẹ̀ kan á máa tẹ̀ lé wa lẹ́yìn kí a má baà fọwọ́ kan ara wa. Lọ́jọ́ kan a lọ sí Ìgànmú, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ tíátà ńlá lọ́wọ́, pé kí a tẹ́ aṣọ sórí koríko kí a jẹ búrẹ́dì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ bí ẹni fẹ́ fi bọ́ adìyẹ. Oòrùn ń ta. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi bí ẹni ṣí ẹ̀rọ omi. Kọndọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì kan ń kọjá, ó yọrí síta, ó sì ké sí mi:

"Mádàámú! Òjò ò rọ̀ o! Pa á dé!"

Gbogbo inú bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, àfi pé àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi okùn fún mọ́ mi ní ìbàdí kò jẹ́ kí n lè mí.

Ṣùgbọ́n ti ìkíni ló burú jù. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo délé wọn, mo kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi pé mo tutọ́ sílẹ̀.

"Dìde, mai día. A kì í kúnlẹ̀ nínú pálọ̀ mi. Ti àwọn ará oko nìyẹn."

Ó ní ńṣe ni kí n fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí n tẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹ̀yìn mi nàró, kí n wá na ọwọ́ ọ̀tún. Oṣù méjì gbáko la fi ṣe é níwájú dígí. Tí mo bá gbàgbé tí mo ń lọ sílẹ̀ jù, á fi rúlà kàn mí lórúnkún, á sì rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń fi ojú àánú wo aláìsàn lóòjọ́, mo di ẹni tí wọ́n ń fi rúlà kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró. Mo gbà á. Ọmọ rẹ̀ ni mo fẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́ nílé wa. Láti kékeré, mi ò jáde lọ síbi gidi kankan rí láì kúnlẹ̀ fún màámi. Ìdánwò ni o, ìrìn àjò ni o, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ni o. Á dá màṣíìnì dúró, á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé mi lórí, á kì mí, á wá gbàdúrà. Ọwọ́ yẹn le nítorí sísọ́ọ̀sì, ó sì máa ń gbóná. Mi ò ní bàbá, mi ò ní ẹ̀gbọ́n; ọwọ́ yẹn ni gbogbo ẹbí mi.

Nígbà tó yá, ìyá ọmọkùnrin náà ní kí màámi wá mu tíì lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní ilé làá wò ká tó sọmọ lórúkọ, pé lẹ́yìn tí òun bá rí màámi lòun ó tó sọ bóyá ẹbí àwọn á wá tọrọ mi. Oorun kò kùn mí mọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni màámi dé. Ó wọ òfì tó fi ṣe ìgbéyàwó, ó gbé ìgò oyin kan dání tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Àna mi, ẹ kúulé o."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ wọ bàtà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé oyin yẹn sẹ́yìn ilé, èèrà máa ń tẹ̀ lé e."

Màámi wọ bàtà rẹ̀ padà. Ó wo pálọ̀ yíká, ó wò mí, ojú rẹ̀ sì kọjá lára mi.

"Ọmọ mi dà?"

Ẹ̀gbẹ́ dùùrù ni mo dúró sí. Àkẹtẹ̀ ńlá tí obìnrin náà jogún lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ló fi dé mi lórí, òdòdó aṣọ àti ìyẹ́ ẹyẹ kún orí rẹ̀, àwọ̀n léèsì bò mí lójú. Ìbọ̀wọ́ bò mí dé ìgbọ̀nwọ́.

Inú mi lọ́hùn-ún ni mo ti ní kí n kúnlẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ti gba ẹ̀kọ́ oṣù méjì. Ẹsẹ̀ mi kan lọ sẹ́yìn, mo tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ̀yìn mi nàró, mo sì na ọwọ́ ọ̀tún mi sí ìyá tó bí mi.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, mà."

Ohùn mi ni màámi fi dá mi mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gòkè bọ̀ kó tó mọ ohun tí mò ń ṣe, bó ṣe máa ń gòkè látọjọ́ tó ti bí mi. Ó wá orí mi lọ, àkẹtẹ̀ ló bá pàdé. Òdòdó kan já bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ rọra o, Ìyá!" ni obìnrin náà kígbe. "Àkẹtẹ̀ yẹn dàgbà ju gbogbo wa lọ!"

Màámi bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òdòdó náà, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ má bínú." Màámi ló ń bẹ̀bẹ̀ o! Ọmọkùnrin tí mo fẹ́ ń wo inú ife tíì rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ tí mo nà ṣì wà nínà. Màámi kò gbà á. Kì í ṣe ìbínú, kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe ni.

Ó mu tíì rẹ̀ kíákíá, ó fọwọ́ méjèèjì di ife mú kó má baà fọ́, ó dúpẹ́, ó dìde. Mo sìn ín dé ibùdókọ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù léèsì lára mi. Àwọn ènìyàn ń wò wá. Nígbà tí bọ́ọ̀sì Múṣin yọ lókèèrè, mo fẹ́ kúnlẹ̀.

"Má kúnlẹ̀ o," ni màámi wí. "Aṣọ aláṣọ ni. Tó bá dọ̀tí, wọ́n á bá ẹ wí."

"Màámi, ẹ gbàdúrà fún mi."

"Ta ni kí n gbé ọwọ́ lé? Ìwọ ni àbí àkẹtẹ̀?"

Ó wọ bọ́ọ̀sì. Kò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo padà wọlé, obìnrin náà fi ẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ní mo ti yege, pé àwọn á wá tọrọ mi. Mo ti ń wá ohun tí mo fẹ́ gbọ́ yìí láti ọdún tó kọjá, ó sì dé báyìí, inú mi kò dùn. Ó wá ní nǹkan kékeré kan kù. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọ̀rẹ́ òun kan á dúró gẹ́gẹ́ bí ìyá ìyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí fọ́tò. Màámi á jókòó lẹ́yìn láàárín àwọn èèyàn rẹ̀.

"Ìyá fúnra wọn á fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ara á tù wọ́n."

Mo wo ọmọ rẹ̀. Mo dúró kó sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ lóòótọ́.

"Ọjọ́ kan péré ni, mai día."

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́. Mo ṣí àkẹtẹ̀ náà lórí mi, mo sì gbé e lé orí kéèkì tó wà lórí tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Obìnrin náà pariwo orúkọ Jésù. Mo lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo gbé aṣọ ara mi wọ̀, mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo mú ìgò oyin màámi. Èèrà kankan kò sí lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé mi. Títí dòní olónìí, lẹ́tà keje kò tíì dé.

Nígbà tí mo dé Pápá Àjàó, màámi ti bọ́ òfì, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Mo gbé oyin kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Ó wo ìgò náà, gbogbo ọ̀rọ̀ sì ti yé e. Ẹni tí yóò fọmọ fọ́kọ kì í gba ẹ̀bùn rẹ̀ padà, ẹni tó sì mú ẹ̀bùn kúrò nílé àna ti bá àna pínyà.

Kò ní kí n dìde. Ó ṣa ẹ̀wà yẹn tán, ó yọ òkúta rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúnkún mi ń ta mí. Lẹ́yìn náà ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó fi nu ìró, ó wá gbé e lé mi lórí. Ó kì mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbàdúrà ọkọ rere, ó gbàdúrà ọmọ, ó gbàdúrà ẹ̀mí gígùn. Mò ń ṣe àmín, mò ń sunkún. Mo rò pé ó ti parí, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò.

"Ọlọ́run má sì jẹ́ kí ọmọ tìẹ na ìbọ̀wọ́ sí ẹ láéláé."

Mo ṣe àmín. Màámi ti lọ báyìí, mo sì ti bí mẹ́ta. Nígbàkígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ti ìrìn àjò dé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.