Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Da Omi Nù

Ọdún kẹta tí mo dé ẹnu iṣẹ́ omi ní Ìgàndó ni àgbàrá wọ inú páìpù wa. Èmi ni mò ń ṣí fáàfù, ìyẹn irin inú ilẹ̀ tó ń dá omi dúró tàbí tó ń jẹ́ kó ṣàn lọ sí àdúgbò.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Iná lọ, ẹ̀rọ tó ń fa omi dákẹ́, páìpù sì ṣófo. Bàbá Làmídì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́, ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀: páìpù tó bá kún, ìdọ̀tí kì í rí ọ̀nà wọ̀ ọ́, èyí tó bá ṣófo, ibi tó ti ń jò ni omi gọ́tà máa ń gbà wọlé. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ká da omi àkọ́kọ́ nù fún bíi wákàtí kan, ká tó fún aráàlú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, iná dé. Bàbá Làmídì wà nídìí ẹ̀rọ lọ́hùn-ún. Àwọn obìnrin ti gbé korobá tò síwájú ọ́fíìsì, nítorí omi ṣáláńgá ti wọ kànga wọn.

“Bọ̀dá, ẹ ṣàánú wa, jàre,” ni Ìyá Ṣadé, tó ń ta búrẹ́dì nítòsí wa, wí. “Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ mi.”

Mo ṣí fáàfù láìfọ páìpù. Omi náà mọ́ lójú.

Nígbà tí Bàbá Làmídì dé, ọ̀pọ̀ ti pọn lọ. Ó na ọwọ́ sínú korobá kan, ó sì fa ekòló jáde.

“Ta ló ní kó o ṣí i?”

“Wọ́n bẹ̀ mí ni, sà.”

“Tì í. Kó o wá máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, kó o ní kí wọ́n dà á nù.”

Mo lọ. Télọ̀ kan da tiẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé Ìyá Ṣadé, ife ti ṣófo lọ́wọ́ ọmọ náà.

“Ṣé ẹ mọ̀ pé kò dáa?” ni ìyá rẹ̀ bi mí.

“Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ fọ páìpù, mà.”

Kò bú mi. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, ó ń bì, wọ́n sì dá a dúró ní ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́rin. Àràárọ̀ ni mò ń lọ kí i, títí ara rẹ̀ fi yá.

Ó tó oṣù kan kí Ìyá Ṣadé tó padà wá pọn omi lọ́dọ̀ wa. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́jọ́ náà.

“Ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́?”

“Mo ti fọ̀ ọ́, mà.”

Ó wo ojú mi títí, kó tó gbé korobá rẹ̀ sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi.