Tẹ̀tẹ̀ Tí A Fi Imọ̀ Ọ̀pẹ Bò

Ọjọ́ tí bàbá mi wá yẹ ọgbà ẹ̀fọ́ mi wò ní Ìkirè kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Nígbà náà, kòkó nìkan ni ilé wa ń gbìn; ọjà Àpòmù ni ìyá mi ti ń ra ẹ̀fọ́. Ni mo bá ní n óò gbin tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná. A kò ra nǹkan kan. Mo gbọn irúgbìn lára tẹ̀tẹ̀ tó ti gbó, mo pò ó mọ́ eérú, mo sì fọ́n ọn sórí ebè méjì.

Bàbá mi ní, "Fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Ọmọ kòkó kì í fẹ́ oòrùn. Bí o bá ṣọ̀lẹ, pàṣán ni yóò bá ọ wí."

Ta ní í bá àgbà àgbẹ̀ jiyàn? Mo bo ebè méjèèjì. Kò pẹ́, atẹ́gùn ṣí ọ̀kan, ìmẹ́lẹ́ kò sì jẹ́ kí n tún un bò.

Nígbà tí bàbá mi dé, tẹ̀tẹ̀ abẹ́ imọ̀ ti funfun, ó tín-ín-rín bí òwú. Ti inú oòrùn dúdú minimini.

"Ta ló ṣí èyí?"

"Atẹ́gùn ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni n kò bò ó padà."

Ó já ewé kan, ó wò ó títí. "Atẹ́gùn yìí mọ iṣẹ́ jù mí lọ."

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lórí. "Ẹ rọra ṣí i o, Bàbá Àlàó, kí oòrùn má baà pa á!"

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn lórí ẹ̀fọ́ mọ́. Jíjẹ nìkan ló ń jẹ ẹ́.