Ẹni Tó Bá Fọwọ́ Kan Mọ́tò Yaqub

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àbàrá ṣe ń ta ni létí, ẹ lọ fẹ̀yìn ti mọ́tò Yaqub nínú àgbàlá wa ní Ìlàjẹ, Bàrígà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti jẹ nínú rẹ̀. Mo kàn gbé ife tíì mi lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n lè so okùn bàtà mi ni, àfi gbáà! Ìyá Yaqub ti fọ́ mi létí. N kò tíì nàró tán tó fi da tíì náà sí mi láyà.

Sàwúdátù lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ṣùgbọ́n ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ló ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà ti gé ìka rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀. Ó he ìka náà, ó sì sọ ọ́ lu ọ̀gá tó ń pariwo mọ́ ọn pé kó yára. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Yaqub nìkan ló sì bí. Nígbà tí Yaqub ń lọ sí Kánádà, ó fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ o. Mò ń bọ̀ wá wà á." Ìyá náà kò mọ mọ́tò wà, ṣùgbọ́n ó gbà pé ọjọ́ tí mọ́tò yẹn bá kọ̀ tí kò siná, ọmọ òun kò ní padà wálé mọ́. Kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ lọ́kàn rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ máa ń gbé bátìrì rẹ̀ lé orí pákó, torí wọ́n sọ fún un pé sìmẹ́ńtì ń fa iná mu. Ràsákì, rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́nu ọ̀nà wa, rẹ́rìn-ín títí.

"Màámi, ẹ fi sìmẹ́ńtì sílẹ̀. Tí ẹ bá ti pa mọ́tò, ẹ tú wáyà dúdú yìí kúrò lórí ẹ̀, kí nǹkan kan má máa jẹ iná ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá di Jímọ̀, ẹ dè é padà, kí ẹ tan án kó pẹ́ dáadáa."

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Bó bá ti kírun Jímọ̀ tán, mọ́tò á máa kùn. Nígbà tí oòrùn sọ iná iwájú di pípọ́n bí ojú oníbà pọ́njú, ó fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tó tún fi pọ́n. Ló bá fi omi àti sáńpépà kíkúnná ha á títí tó fi mọ́ gaara, ó wá wé ìborùn mọ́ ọn kí oòrùn má rí i mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ mọ́tò náà ní Àlájà. Ọmọ odó ló fi lé wọn.

Ní Jímọ̀ kan, mọ́tò ń kùn lọ́wọ́, ìborùn ti kúrò lójú rẹ̀, nígbà tí Ràmọ́nì, àbúrò ọkọ rẹ̀, wọlé pẹ̀lú ọkùnrin méjì àti ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀. Ó pa mọ́tò, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. A fẹ́ lọ tà á ni."

"Ọkọ mi, ṣé orí yín pé ṣá?"

"Ẹ má bi mí. Wọ́n rán mi ni."

Eyín ni Ìyá Yaqub fi dá a lóhùn. Ó gé e lọ́wọ́ jẹ títí kọ́kọ́rọ́ fi bọ́, ó he é, ó sì tì í bọ àyà rẹ̀. Ràmọ́nì gbá a létí, ó ṣubú. Inú ń bí ọkùnrin náà débi pé ó ta ìpá sí iná iwájú. Iná náà fọ́ yángá.

Ha! Ìyá Yaqub fa sípánà táyà yọ nínú mọ́tò, ó sì là á mọ́ ọn lórí. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Ó tún gbé e sókè. Èmi àti Ràsákì dì í mú, ó fi ìgúnpá yọ eyín mi kan. Ilẹ̀ tí Ràmọ́nì jókòó sí ló ti fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ tẹ fóònù.

"Yaqub, ìyá ẹ fẹ́ pa mí o! Sọ fún wọn fúnra ẹ!"

Gbogbo wa la gbọ́ ohùn ọmọ náà.

"Mọ́mì, èmi ni mo rán wọn. N ò ní padà wálé mọ́. Mo ti níyàwó, mo ti bímọ níbí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín, ni mo ṣe bẹ Bọ̀dá Ràmọ́nì pé kí wọ́n má dárúkọ mi."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ ìyá.

"Yaqub, mọ́tò ẹ ṣì ń siná o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ni."

"Mo mọ̀, Mọ́mì." Ó ń sunkún.

Ẹkún wo nìyẹn! Ká ní ó wà nítòsí ni, ǹ bá fọ́ ọ lẹ́nu.

Àwọn ọkùnrin méjì náà rọra gbé ṣéènì, wọ́n fẹ́ so ó mọ́ mọ́tò. Ìyá Yaqub kígbe mọ́ wọn.

"Ẹ má wọ́ ọ! Kò kú!"

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ láyà, ó wọ inú mọ́tò, ó yí i. Bó ṣe yí i lẹ́ẹ̀kan ló siná. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wọn.

"Ẹ wà á lọ," ló wí.